Píọ̀ Wọ́tà Méjì, Kì í Ṣe Ife Kan: Ìgbẹ́ Gbuuru Ọmọdé Lásìkò Òjò Àkọ́rọ̀



Àwọn ẹbí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò òdòdó ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Lọ́dọ̀ wọn, oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ni òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn ọmọ ń bọ́ ẹ̀wù òtútù sílẹ̀ láti jáde lọ ṣeré. Lọ́dọ̀ tiwa ní Alákijà, ooru ni. Àwọn ọmọ kì í rí oorun sùn nítorí kò sí iná tí yóò yí fáànù, eruku títì Badagry sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Tó bá wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn á gbé ọ̀rá kiri, òjò àkọ́rọ̀ á dé. Kí ìyá tó pariwo, àwọn ọmọ ti bọ́ síta ní ìhòòhò, wọ́n ń jó lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. A kì í bá wọn jà. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí a ti mọ̀ láti ọdún mélòó kan tí a ti ń jókòó nídìí tábìlì ìlera mọ́sálásí wa ni pé, bí òjò yẹn bá rọ̀ ní Àlàrùba, tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú tí a bá parí Àsàláátù, àwọn ìyá á ti tò síwájú wa. "Inú ọmọ mi ń ṣí." "Ó ti yàgbẹ́ omi lẹ́ẹ̀mẹfà láti àná." "Ó ń bì, kò sì jẹun." Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí nìyẹn, nítorí pé díẹ̀ ló kù kí ó gba ọmọ kan mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá.

Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e wá, ìyá-ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Ọmọ náà kò sunkún. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù, torí ọmọ tó ń ké ṣì ní agbára. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ, ọrùn rẹ̀ rọ̀ sí èjìká ìyá rẹ̀. A fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, a fi sílẹ̀, awọ náà kò tètè padà sí àyè rẹ̀. Láti ìdájí kò tíì tọ̀. Ìyá rẹ̀ tú ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì kí a lè rí i pé òun kò káwọ́ lẹ́rán: Flagyl olómi wà níbẹ̀, oògùn eyín hù wà níbẹ̀, kápúsù kan tí wọ́n ti tú sínú ẹ̀kọ gbígbóná wà níbẹ̀, ORS kan tí wọ́n ti já náà sì wà níbẹ̀. Inú wa dùn díẹ̀ nígbà tí a rí ORS yẹn.

"Mọ́mì, báwo lẹ ṣe pò ó?"

"Mo dà á sínú omi ife kan, dókítà. Ó ń tu ú dànù. Mo wá ń fi ipá rọ ọ́."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. ORS yẹn, omi lítà kan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá pò ó sínú ife kan ti ṣe omi tí iyọ̀ àti ṣúgà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin iye tó yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi iyọ̀ bọ ewúro mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe: ó ń fa omi jáde lára ewé. Ohun kan náà ni omi líle yẹn ń ṣe nínú ìfun ọmọ. Dípò kí omi wọ ara rẹ̀, omi ara rẹ̀ ló ń jáde sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì túbọ̀ máa ṣàn. Ìyá náà ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì ń gbẹ ẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹni tó ta ORS fún un kò sọ nǹkan kan ju iye owó rẹ̀ lọ.

A pò òmíràn lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan nínú wa gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ìyá ọmọ sì ń fi ṣíbí bu omi náà sí i lẹ́nu títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fa omi sí i lára. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń bèèrè àkàrà. Àlùhàmùdúlíláhì.

Nígbà tí a lọ kí wọn nílé, ìyá àgbà náà kò tíì gbà fún wa. "Eyín ló ń hù," ó ní. "Gbogbo ọmọ tí mo bí ló yàgbẹ́ nígbà tí eyín wọn ń hù." A kò bá a jiyàn pé kò rí ohun tó rí. Ọmọ máa ń yàgbẹ́ lásìkò yẹn lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun mìíràn tí ọmọ ń ṣe láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún méjì: ó ń rá, ó ń he gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀, ó ń kó o sẹ́nu, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní omi àti oúnjẹ mọ́ ọmú. Ẹnu tó ń wá ohun tí yóò fi eyín họ ló ń gbé kòkòrò mì. Eyín kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ apoògùn ní ìparí ọdún 2008 kò lè gbàgbé oògùn eyín. Lọ́dún yẹn ni omi olóró kan bọ́ sínú oògùn olómi tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ tí eyín wọn ń hù ní orílẹ̀-èdè wa. Ó lu kídìnrín wọn pa. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 80. Láti ìgbà náà, tí ìyá bá béèrè oògùn eyín lọ́wọ́ wa, a máa ń ní kí ó jókòó ná.

Ìyá àgbà tún ní ọ̀rọ̀ kejì, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Dókítà, ṣé ẹ ò rí i pé ṣúgà wà nínú ẹ̀ ni? Ọmọ tínú ẹ̀ ń ṣí, ẹ tún ń fún un ní ohun dídùn. Jẹ̀díjẹ̀dí ò ní jẹ́ kó sàn." A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti ń sọ èyí, torí náà a fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ara ìfun rẹ̀ kì í lè gba iyọ̀ àti omi wọlé bó ṣe yẹ. Àmọ́ ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tí kì í tì: ṣúgà àti iyọ̀ máa ń di ara wọn mú gba ibẹ̀ kọjá, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Iyọ̀ nìkan kò lè ṣí i, omi lásán kò lè ṣí i. Ṣúgà inú ORS kì í ṣe fún adùn, òun ni kọ́kọ́rọ́. Tó bá sì pọ̀ jù, ó di ìjàngbọ̀n. Nítorí náà ni a kì í fi mínírà tàbí omi ọsàn inú páálí rọ́pò rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní Dhaka, ìlú àwọn Mùsùlùmí tó di olú-ìlú Bangladesh lónìí, ni àwọn dókítà ti fi hàn ní ọdún 1968 pé ẹni tí kọ́lẹ́rà ń ṣe lè mu ún kí ó sì yè. Nígbà tí ogun lé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1971, dókítà kan tó ń jẹ́ Dilip Mahalanabis pò ó sínú dúrọ́ọ̀mù ní àgọ́ àwọn tó ń sá fún ogun ní Bangaon lórílẹ̀-èdè Íńdíà, nítorí omi tí wọ́n ń fà síni lára ti fẹ́ tán. Àwọn mọ̀lẹ́bí ló ń bù ú fún àwọn aláìsàn wọn. Níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà àwọn ọmọdé tó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985, ló jẹ́ kí omi iyọ̀ òun ṣúgà di ohun tí gbogbo ilé mọ̀. Ìyá àgbà rántí rẹ̀ dáadáa. Ó ní ìgò bíà kan ni wọ́n fi ń wọn omi náà nígbà yẹn, àwọn ìyá tí kò fẹ́ kí ìgò bíà wọlé àwọn á sì fi ìgò mínírà méjì wọ̀n ọ́n. A jọ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìgò mínírà ayé ìgbà náà, 30cl ni. Èyí tí à ń rà lónìí lè jẹ́ 50cl tàbí 60cl. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n àtijọ́ pò ó sínú ìgò òde òní ti ṣì í.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ohun tó wà nílé gbogbo wa wọ̀n ọ́n. Píọ̀ wọ́tà kan yẹ kó jẹ́ 50cl. Méjì jẹ́ lítà kan. ORS kan, píọ̀ wọ́tà méjì, inú abọ́ mímọ́ tó ní ìdérí. Ẹ ka ara ORS náà kí ẹ tó já a, torí àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún omi tí kò tó lítà kan. Bí ẹ bá fura pé píọ̀ wọ́tà àdúgbò yín kì í kún, ẹ fi ìgò 50cl tí ẹ ti fọ̀ dáadáa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù, kí ẹ pò tuntun. Bí ORS kò bá sí nítòsí lóru, omi lítà kan náà, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Bí a ṣe ń fún un ṣe pàtàkì bí a ṣe ń pò ó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, bó bá ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un ní ìdámẹ́rin ife sí ìdajì ife. Èyí tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì ife sí ife kan. Ẹ má rọ ọ́. Ṣíbí kan, ẹ sinmi díẹ̀, ṣíbí mìíràn. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. A mọ̀ pé iṣẹ́ ni, pàápàá fún ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta mìíràn tó sì ń dáná. Bàbá ilé lè gba ṣíbí náà. Àwọn bàbá kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n fi gbogbo òru ọjọ́ kan ṣe é, wọ́n sì lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ má sì fi ebi pa á.

Ẹ béèrè síǹkì mọ́ ORS. Ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà ń lo 20mg lójúmọ́, èyí tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀ ń lo 10mg, fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ibí ni àwọn òbí ti máa ń kùnà: tí ìgbẹ́ bá ti dúró ní ọjọ́ kẹta, wọ́n á gbé síǹkì sórí fíríìjì, ó parí. Ẹ lò ó tán. Ó ń dín àkókò ìgbẹ́ yìí kù, ó sì ń ràn án lọ́wọ́ kí òmíràn má tètè padà wá ní oṣù méjì sí mẹ́ta tó ń bọ̀. Ní ti Flagyl àti kápúsù, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ omi àwọn ọmọ kéékèèké ló jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló fà á, àwọn oògùn wọ̀nyẹn kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún dókítà. Láti ọdún 2022 ni ìjọba ti fi oògùn àjẹsára rotavirus kún àwọn tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń kán an sí ọmọ lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá. Bí ẹ bá ní ọmọ tuntun nílé, ẹ yẹ káàdì rẹ̀ wò lónìí.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ wọnú, tí kò tọ̀, tó ń bi gbogbo ohun tó bá mu, tí ara rẹ̀ rọ, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn bí omi ìrẹsì láìdúró, ẹ má gbé e wá sí tábìlì wa. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ tààrà. Ẹ máa fún un ní ORS lọ́nà.

Níbo wá ni ìgbẹ́ yìí ti ń wá? Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ tí à ń gbé. Wọ́n kọ́ Festac Town fún àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú tó wáyé ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1977, ìjọba ló sì fa ìlà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Alákijà tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ ló kọ́ ilé, ló gbẹ́ kànga tàbí borehole, ló sì tún gbẹ́ soakaway tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ. Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ omi ni pé kí ibi tí a ti ń fa omi mímu jìnnà sí soakaway tó mítà 30. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ìdajì púlọ́ọ̀tì l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní òró àti 60 ní ìbú. Bí ẹ bá gbẹ́ borehole sí igun kan, tí ẹ sì gbẹ́ soakaway sí igun tó jìnnà sí i jù lọ, àárín méjèèjì kò pé mítà 26. Ẹ kò tíì ka soakaway aládùúgbò tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ilẹ̀ àdúgbò wa sì tẹ́jú, omi kò jìn nínú rẹ̀. Tí òjò bá dé, ohun tó ti sùn látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Omi náà lè mọ́ gaara lójú o. Kòkòrò kì í sábà yí àwọ̀ omi padà.

Ẹ se omi tí ọmọ máa mu, kí ó hó yaaya fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó sọ̀ ọ́. A mọ iye tí gáàsì ń jẹ́. Bí kò bá tó fún gbogbo ilé, ẹ se ti àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

A kò ní di gbogbo ẹ̀bi lé àwọn òbí lórí, nítorí ohun tí ojú wa rí nílé ara wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé ọmọbìnrin yẹn wá, a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá yòókù. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà àti mẹ́ta nínú àwọn ọmọ mìíràn ló ń lọ sí ilé-kéwú wa. A lọ wo ibẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù omi àlùwàlá kò ní ìdérí. Ife kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Ọmọ á bu omi sínú bútà, á sì mu èyí tó kù nínú ife. Àwọn kan tiẹ̀ ń gbé ẹnu lé ẹnu bútà mu, bútà kan náà tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé. Ojú tì wá. Àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní hadíìsì pé kí a máa bo ohun èlò omi lálẹ́, pé ẹni tó bá jí lójú oorun kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ omi kí ó tó fọ̀ ọ́, àwa náà la fi dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ gbayawu.

Dúrọ́ọ̀mù ti ní ìdérí àti ẹnu ẹ̀rọ báyìí. A gé okùn ife yẹn. A fi ọ̀dà pupa kun àwọn bútà tó ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì sí èyí tó ń kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé ìgò omi tirẹ̀ wá láti ilé. Ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, àmọ́ ó máa ń pòórá, a sì ń rà á padà. Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa béèrè pé kí ni ọṣẹ fẹ́ ṣe fún ọmọ tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ìdáhùn wa ni pé àlùwàlá jẹ́ ìjọsìn, èrè rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó wà lára ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan ìdí ọmọ kì í bá omi lásán lọ. Kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ná, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe àlùwàlá yín. Ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú, ẹ má pè é ní ìgbẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀. Pámpásì tí a jù sí gọ́tà lóṣù Kẹta, òjò oṣù Kẹrin á gbé e padà wá sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn.

Ohun mímu ojú ọ̀nà wá ńkọ́? Ooru ń mú, ọmọ ti ilé ìwé dé, kúnú àti sóbò tútù wà lẹ́bàá títì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, ọ̀kan nínú ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ fura sí ni ohun mímu òfìò inú ìgò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. A kò sọ pé kí ẹ má ra ọjà lọ́wọ́ ará àdúgbò. Ẹ béèrè omi tó fi ṣe é àti yìnyín tó kó sí i. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ṣe sóbò nílé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn àti ibà yóò wá lóṣù mìíràn, in shā' Allāh.

Ní Àìkú méjì sẹ́yìn, ìyá ọ̀dọ́ kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá sí tábìlì wa. Ìyá àgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà nílé-kéwú. Kí ìyá ọ̀dọ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti dá a dúró.

"Ṣé o ti fún un ní ORS?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Omi mélòó lo fi pò ó?"

Ó dákẹ́. Ìyá àgbà ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó fa píọ̀ wọ́tà méjì yọ, ó gbé wọn lé e lọ́wọ́, ó sì ní kí ó wá jókòó.